Ọkùnrin Tó Bá Ìpolówó Ojú Ewé Ara Rẹ̀ Jà

Gbogbo àdúgbò ló mọ ìtàn ìkìlọ̀ náà, púpọ̀ nínú wọn ló sì ń sọ ọ́ lódì. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an nìyí. Ọkùnrin kan tó ń tún máṣíìnì ìránṣọ ṣe ní ojú ewé kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tó ti ń kọ́ àwọn aránṣọ bí wọ́n ṣe lè tọ́jú máṣíìnì wọn. Ilé iṣẹ́ kan tó wà lọ́nà jíjìn ń gbé ìpolówó ọjà síbẹ̀, wọ́n sì ń sanwó díẹ̀díẹ̀ fún un. Lọ́jọ́ kan, ó rí ìpolówó epo máṣíìnì níbẹ̀. Ó ra epo náà, ó dà á sí máṣíìnì ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ aránṣọ. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, epo ti dì bí oje igi, máṣíìnì sì ti gan. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ó jókòó, ó kọ ọ̀rọ̀ gàdàgbà sábẹ́ ìpolówó náà:

"Ẹ má ra ohun tó wà lókè yìí. Èmi fi owó ara mi rà á. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo lò ó, láti ọjọ́ náà ni ìyàwó mi kò ti bá mi sọ̀rọ̀ mọ́."

Ohun tí kò mọ̀ ni pé ìpolówó tí òun ń rí kọ́ ni ẹlòmíràn ń rí. Ilé iṣẹ́ yẹn máa ń wo ojú olúkúlùkù kí wọ́n tó gbé ọjà síwájú rẹ̀. Epo máṣíìnì ni tiẹ̀. Lórí fóònù ẹlòmíràn, lọ́fínńdà ọkùnrin ló wà lókè ìkìlọ̀ náà. Lórí ti ẹlòmíràn, eyín àtọwọ́dá ni. Oníbọ́tìnnì tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀dì tuntun ràgàjì, ó sì sáré wọlé tọ̀ ọ́ wá.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ṣe lórí bẹ́ẹ̀dì náà?"

"Bẹ́ẹ̀dì wo?"

"Èyí tẹ́ ẹ lò lẹ́ẹ̀kan péré."

Ìyàwó rẹ̀, tó ṣì ń bá a yan odì nídìí máṣíìnì tó gan, ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín.

Ibẹ̀ ni àwọn tó ń sọ ìtàn náà máa ń parí rẹ̀ sí. Wọ́n sọ ọ́ níbi ìsìnkú rẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbọn ìdí aṣọ wọn, wọ́n lọ. Èyí tó kù kò pa wọ́n lẹ́rìn-ín, wọn kò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n.

Ẹ-Jẹ́-N-Kọ́kọ́-Lò-Ó ni wọ́n ń pè é, kì í sì í ṣe orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ti gba orúkọ náà. Bó bá fẹ́ ra ìgbálẹ̀, á kọ́kọ́ fi gbá ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń tà á. Bó bá fẹ́ ra agbòjò, á ní kí wọ́n da omi lé òun lórí. Nígbà tó fẹ́ ra àga, ó jókòó sórí rẹ̀ láti àárọ̀, ó sùn, ó jí, ó ní òun kò tíì mọ bó ṣe máa rí lára òun lẹ́yìn oúnjẹ.

"Bàbá," káfíńtà ní, "ṣé àga lẹ fẹ́ rà ni, àbí ẹ fẹ́ gba yàrá?"

"Má kánjú. Ìdí tèmi ló máa jókòó lé e, kì í ṣe ìdí tìẹ."

Kò ra àga náà. Ó ní ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Káfíńtà rọ òjò èébú lé e lórí títí ó fi lọ tán, lẹ́yìn náà ló wọn ẹsẹ̀ àga, tó sì lẹ igi pẹlẹbẹ kan mọ́ ọn nísàlẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Ohun tó gbé e dórí íńtánẹ́ẹ̀tì kò ní ẹ̀rín nínú. Ọwọ́ rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Nọ́ọ̀tì kékeré ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn oníbàárà sì ń wá gbé máṣíìnì wọn padà pẹ̀lú ẹ̀rín ẹ̀gàn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ti jáde yunifásítì tí kò rí iṣẹ́, ló ṣí ojú ewé náà fún un. Bàbá á sọ̀rọ̀, ọmọ á kọ ọ́. Bí ìpolówó bá mówó wọlé, ilé á jẹun. Bí kò bá mówó wọlé, ìyàwó nìkan ni yóò máa ránṣọ bọ́ wọn, ọrùn rẹ̀ sì ti ń dùn ún. Ọ̀rọ̀ náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Owó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí kò lè rí ọjà nínú ilé rẹ̀ kó má dán an wò. Kó tó kan epo, ó ti ra ìbọ̀sẹ̀ tí wọ́n ní kì í rùn. Ó wọ̀ ọ́ títí ìyàwó rẹ̀ fi gbé ẹní lọ sí pálọ̀. Ó ra ìpara orúnkún, ó ra fìtílà, ó ra igbá tí kì í fọ́, ó sì fọ́ ọ. Owó tí ìpolówó bá gbé gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé, ìpolówó náà ló ń gbé e gba ẹ̀yìnkùlé jáde.

"Bàámi, ta ló ní kẹ́ ẹ máa rà á?" ọmọ rẹ̀ bèèrè. "Tiyín ni kẹ́ ẹ gba owó."

"Ilé mi ni ibí yìí. Bí wọ́n bá ta ayédèrú fún àlejò nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, ta ni wọ́n máa bú?"

"Ẹni tó tà á ni."

"Ìwọ ò mọ èèyàn. Bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà."

Ìkìlọ̀ orí epo ló bọ́ sí ilé iṣẹ́ náà lójú. Wọ́n yọ ìpolówó kúrò, wọ́n dá owó rẹ̀ dúró. Wọ́n ní ẹni tó ń gba ìpolówó kò gbọdọ̀ sọ ohunkóhun nípa ìpolówó, rere tàbí búburú. Bó bá lè kọ ọ́ pé òun kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, wọn yóò dá a padà. Ó kọ̀wé sí wọn pé òun gbà, bí àwọn náà bá lè ṣèlérí pé wọn kò ní polówó ohun tí wọn kò tíì lò. Èsì dé kíá: "Ẹ ṣeun tí ẹ kàn sí wa." Ó kọ òmíràn. Èsì kan náà ló dé.

"Ọkàn rẹ̀ ti ń rọ̀," ó wí. "Ó tún dúpẹ́."

"Bàámi, ẹ̀rọ ló ń dá yín lóhùn. Kò sí èèyàn kankan níbẹ̀."

"Ṣé èmi lò ń kọ́ nípa ẹ̀rọ? Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́dọ̀ọ́ ni mo ti ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Wọ́n máa ń gbọ́."

Eléyìí kò gbọ́. Ilé iṣẹ́ náà mọ iye ojú tó ń wo ojú ewé rẹ̀. Kò sí ẹyọ ẹnì kan níbẹ̀ tó ti ka ọ̀rọ̀ kan rí nínú ohun tó kọ. Irú wọn ló ń pinnu ẹni tó máa jẹun.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó rí ìyàwó rẹ̀, tó ti fọ epo dídì kúrò nínú máṣíìnì rẹ̀, tó dáwọ́ ìránṣọ dúró, tó gbé orí lé máṣíìnì, tó ń fi ọwọ́ kan tẹ ọrùn ara rẹ̀. Ó pe ọmọ rẹ̀, ó ní kó kọ ìlérí náà, kó sì pa ìkìlọ̀ orí epo rẹ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìpolówó ti padà.

"Ẹ ṣeun tí ẹ kàn sí wa," ni ẹ̀rọ kọ.

"Mo sọ fún yín," ó wí, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò dán.

Kò pẹ́ púpọ̀ tí aránṣọ kan fi kọ̀wé láti ibi jíjìn. Ó ní: "Bàbá, mo rí epo kan lórí ojú ewé yín. Torí pé ọ̀dọ̀ yín ni mo ti rí i, mi ò bèèrè lọ́wọ́ ẹlòmíràn mọ́. Ọ̀la ló máa dé. Máṣíìnì kan ṣoṣo ni mo ní. Báwo ni kí n ṣe dà á sí i?"

Ọmọ ka ìwé náà fún un. Ó ní kó tún un kà. Lẹ́yìn náà ló ní:

"Sọ fún un kó má fọwọ́ kàn án. Kó o sì yọ gbogbo ìpolówó kúrò."

"Ẹ ti ṣèlérí, Bàámi."

"Mo ṣèlérí pé mi ò ní sọ̀rọ̀ nípa ohun tó bá wà níbẹ̀. Mi ò ṣèlérí pé nǹkan máa wà níbẹ̀."

"Kí la wá máa jẹ?"

Bàbá wo ọwọ́ rẹ̀. Àwọn ọwọ́ náà ń gbọ̀n lórí itan rẹ̀ bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ni wọ́n.

Ìyàwó rẹ̀ dìde. Ó lọ sí igun tí máṣíìnì oníbàárà kan wà, ó gbé e sórí tábìlì, ó mú irin tí ọkọ rẹ̀ fi ń tú nọ́ọ̀tì.

"Ẹ̀yin lẹ ní ẹnu, èmi ni mo ní ọwọ́. Èwo ni kí n kọ́kọ́ tú?"

"Ti apá òsì."

"Òsì tiyín àbí òsì tèmi?"

Wọ́n jà lórí rẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Máṣíìnì náà ṣiṣẹ́.

Ó ní kí ọmọ rẹ̀ kọ ọ́ sójú ewé bó ṣe rí: ọwọ́ òun ń gbọ̀n, ìyàwó òun ló ń tún máṣíìnì ṣe báyìí, òun ń jókòó tì í, òun ń pariwo. Ọmọ ní kò sẹ́ni tó ń kọ irú èyí bó bá ń wá oníbàárà. Ṣùgbọ́n wọ́n wá. Wọ́n di máṣíìnì sínú àpò, wọ́n wọkọ̀ wá láti àwọn ìlú tí kò dé rí. Aránṣọ elépo náà wá, ó gbé epo rẹ̀ lọ́wọ́ láìṣí ìdérí rẹ̀. Tọkọtìyàwó náà kò di ọlọ́rọ̀. Wọ́n jẹun.

Oníbọ́tìnnì wá bẹ̀ ẹ́ pé òun á sanwó bó bá lè polówó ọjà òun. Bàbá ní kí ìyàwó òun rán oríṣiríṣi bọ́tìnnì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì òun kan, ó wọ̀ ọ́ kiri àdúgbò títí ó fi ṣá. Ó wá kọ ọ́ pé: "Àwọn bọ́tìnnì yìí lágbára. Ẹni tó ń tà wọ́n kì í tètè ṣílẹ̀kùn."

"Bàbá, ẹ dákun, ẹ yọ gbólóhùn kejì."

"Bí èkejì bá lọ, àkọ́kọ́ á sìn ín dé ilé."

Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó ń ṣílẹ̀kùn ṣáájú oníbọ́tìnnì ní òpópónà yẹn.

Bàbá kú láìṣàìsàn pẹ́. Ojú ewé rẹ̀ ṣì wà, ọmọ rẹ̀ ló ń bójú tó o. Ìyàwó rẹ̀ kò ti ṣọ́ọ̀bù. Láìpẹ́ yìí, ọ̀dọ́mọbìnrin kan jókòó, ó ń dúró de máṣíìnì rẹ̀. Ìyá tẹ̀ sórí iṣẹ́, ó sì ṣàdédé sọ pé:

"Ẹ má pariwo. Mo ti gbọ́."

Ọ̀dọ́mọbìnrin wẹ̀yìn. Kò sẹ́nì kankan.

"Ìyá, ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ọkọ mi ni. Ó ní mo ti dè é le jù."

Ọ̀dọ́mọbìnrin fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó wo ojú ìyá, ó gbé ẹ̀rín náà mì. "Ṣé ó le jù lóòótọ́?"

Ìyá dẹ nọ́ọ̀tì náà díẹ̀, ó fọwọ́ yí kẹ̀kẹ́ ẹ̀gbẹ́ máṣíìnì. Ó ń yí lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò dún. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e títí ó fi dúró.

"Díẹ̀," ó wí.