Ẹ̀gúsí Tí Ìyá Ọkọ Mi Fi Dán Etí Wọn Wò

Síìpù ni mò ń rán mọ́ síkẹ́ẹ̀tì oníbàárà ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Sekona nílùú Ẹdẹ nígbà tí obìnrin tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa pè mí lórí fóònù. Kò tiẹ̀ kí mi.

"Máa bọ̀ nílé. Ọmọ ẹ tilẹ̀kùn mọ́ ara ẹ̀ ní yàrá, ó ti ń ké tipẹ́. Màmá jókòó sí fàráńdà níta, wọn ò mira."

Mo ní, "Ó fara pa ni?"

"Rárá. Èmi ni mo ti ojú fèrèsé bá a sọ̀rọ̀ tó fi rí kọ́kọ́rọ́ yí. Ṣùgbọ́n máa bọ̀."

Ọ̀kadà ni mo gùn délé. Mo bá ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́rin, lórí itan ìyá ọkọ mi, ojú rẹ̀ wú. Etí ìró ni wọ́n fi ń nu ojú fún un. "Ìyá mi, ta ló nà ọ́?" Bí wọ́n ṣe ń pè é nìyẹn, ìyá mi. Wọn ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ rárá. Nígbà tí aládùúgbò wa ṣàlàyé, wọ́n wo ilẹ̀kùn yàrá, wọ́n wo ibi tí wọ́n jókòó sí. Kò jìnnà.

"Ibí yìí gan-an ni mo wà," ni gbogbo ohun tí wọ́n sọ.

Ọkọ mi ò gbà á wẹ́rẹ́. Ó ní iyè ìyá òun ti ń ra. Ó ní kí Màmá máa lọ bá ẹ̀gbọ́n òun ní Ìbàdàn, kí a sì mú ọmọ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń gba owó tọ́jú ọmọ. Mo ní, "Ẹni tó ń ki gbogbo agbo ilé yín láì ṣi ẹnì kan kì, òun niyè ẹ̀ ra?" Síbẹ̀, kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Màmá ò bá a jiyàn. Wọ́n kàn gbé ọmọ pọ̀n láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọ tó ti tóbi ju ẹni à ń pọ̀n lọ, wọn ò sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ títí mo fi jáde.

Oníbàárà tó ni síkẹ́ẹ̀tì yẹn, nọ́ọ̀sì ni. Nígbà tó wá gba aṣọ rẹ̀, mo ro ẹjọ́ fún un. Ó bi mí pé, "Ṣé Màmá máa ń gbọ́ ohùn ọkọ ẹ?"

"Dáadáa. Bó bá ti ẹnu géètì pè wọ́n, wọ́n á dá a lóhùn."

"Tìẹ ńkọ́? Tọmọ ńkọ́?"

Ohùn èmi tín-ín-rín, tọmọ mi tún tín-ín-rín ju tèmi lọ.

Ó ní áàpù kan wà tí wọ́n fi ń dán etí wò nílé. Ó bá mi gbé e sórí fóònù mi, ó sì kìlọ̀ fún mi pé ibi tó bá dákẹ́ ni kí n ti lò ó, kí n kọ́kọ́ fi etí ara mi dán an wò, kí n lè mọ̀ pé íápíìsì ò bàjẹ́. "Kò lè rọ́pò ti ọsibítù o. Ó kàn máa fi ibi tí ẹ ó kọjú sí hàn yín ni."

Ibo ló ti ń dákẹ́ ládùúgbò wa? Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin gbágùúdá wà lẹ́yìn ilé wa. Àfi ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀, tí ẹni tó ni ín bá lọ kírun. Bó ṣe pa á báyìí, mo ti tẹ́ ẹní. Èmi ni mo kọ́kọ́ ki íápíìsì bọ etí, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, látorí ìró tó nípọn bí ìgbà tí tírélà bá ń bọ̀ lókèèrè, títí dórí èyí tó tín-ín-rín. Ọmọ mi ní òun náà fẹ́. Nígbà tó dórí èyí tó tín-ín-rín jù, ó fa íápíìsì yọ: "Màámi, ẹ̀fọn wà nínú ẹ̀!"

Ó wá kan Màmá. Mo ní bí wọ́n bá gbọ́ ìró, bó ti wù kó kéré tó, kí wọ́n na ọwọ́ sókè. Wọ́n jókòó ṣinṣin, ọwọ́ lórí itan, ètè wọn ń mì díẹ̀díẹ̀. Ìró lọ, ìró bọ̀, wọn ò nawọ́. Etí ọ̀tún, etí òsì. Nígbà tó parí, fóònù fa ìlà kan sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Ohun tó ń sọ ni pé Màmá ò gbọ́ nǹkan kan láyé yìí.

Ẹ̀rù bà mí. Mo yọ ọ́ létí wọn. "Màmá, ẹ ò gbọ́ nǹkan kan rárá?"

"Mo gbọ́. Ó ń pè mí."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò nawọ́?"

Wọ́n wò mí bí ẹni wo ọmọ tí wọn ò kọ́ nílé. "Ìyàwó mi, ohùn tí n ò rí ẹni tó ni ín ń pè mí, o ní kí n jẹ́ ẹ! Àwọn wo ló tọ́ ẹ? Àdúà ni mò ń ṣe sí i lábẹ́nu."

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi dì mọ́ ògiri. Ta ni ò mọ̀ ọ́n? Bí o bá gbọ́ ìpè tí o ò rí ẹni tó pè ọ́, o ò gbọdọ̀ dáhùn. Èmi náà ti kọ́ ọmọ mi bẹ́ẹ̀. Kí fóònù tó mọ̀yẹn, ó ti kọ ìwà ọmọlúàbí sílẹ̀ bí ẹni kọ àrùn.

Màmá fúnra wọn ló wá ọgbọ́n sí i. Ẹ̀gúsí tí wọ́n ń bó wà nínú àtẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. "Jẹ́ n máa bó ẹ̀gúsí mi. Bí mo bá gbọ́ ọ, màá ju hóró kan sínú abọ́. N ò jẹ́ ẹnikẹ́ni lóhùn, iṣẹ́ mi ni mò ń ṣe."

Mo tẹ́ aṣọ sínú abọ́ kó má baà pariwo. Bí hóró bá ti bọ́, èmi ni mò ń tẹ fóònù. Ìró tó nípọn, hóró bọ́. Èyí tó tẹ̀ lé e, hóró bọ́, kíá. Bí ìró ṣe wá ń tín-ín-rín sí i, ọwọ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Nígbà tó yá, ọwọ́ náà dúró lókè, ẹ̀gúsí láàárín ìka méjì, wọ́n ń retí. Mo rí i lójú fóònù pé ìró ń dún, ó tún ń lé sí i. Ọwọ́ ò sọ̀ kalẹ̀.

Ó ṣe mí bíi kí n ṣẹ́jú sí wọn. Wọ́n rí ojú mi, wọ́n sì di ojú tiwọn pinpin.

"Má wò mí. Ojú ẹ fẹ́ sọ fún mi."

Wọ́n mọ̀ pé ohun tí mò ń tẹ̀ yẹn ni ọmọ wọn yóò wò láti sọ bóyá Ìbàdàn ni wọ́n ń lọ tàbí Ẹdẹ ni wọ́n máa dúró sí. Síbẹ̀, wọn ò ju hóró kan lé e. Mo ti rí àwọn tó ń fi ìgboyà pariwo. Ti obìnrin yìí, ẹ̀gúsí kan ni, tó dá ọwọ́ rẹ̀ dúró tí kò jẹ́ kó bọ́.

Nígbà tí ọkọ mi kírun dé, mo fi àwòrán ìlà tí fóònù yà hàn án. Ó ní, "Wọ́n dití nìyẹn."

"Wọn ò dití. Wò ó. Apá òsì àwòrán yìí ni àwọn ìró tó nípọn, apá ọ̀tún ni àwọn tó tín-ín-rín. Bí ìlà bá ṣe ń lọ sísàlẹ̀ ni ìró gbọ́dọ̀ ṣe pariwo tó kí wọ́n tó gbọ́. Lósì, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Lọ́tùn-ún, ó ń lọ sísàlẹ̀ bí ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè. Ohùn tìẹ wà lósì. Tọmọ ẹ wà níbi tó ti ń ṣubú. Tá a bá wá fi ilẹ̀kùn àti ariwo ẹ̀rọ lé e ńkọ́?"

Ó wo àwòrán náà pẹ́. "Ó dáa tí ohùn mi fi nípọn."

Màmá, tó ń wo ẹnu rẹ̀, ní, "Ó kàn nípọn ni, kò dùn."

Ìgbà tí a rẹ́rìn-ín tán ni wọ́n sọ ọ́. Ọdún tí wọ́n fi dúró ti ẹ̀rọ gbágùúdá ní Alajue kì í ṣe kékeré. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ àwa obìnrin ti ń já sí wẹ́wẹ́ létí wọn, ẹnu wa ni wọ́n ń wò tí wọ́n fi ń tò ó pọ̀.

Ọkọ mi ní, "Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún wa, Màmá?"

"Kí n sọ, kẹ́ ẹ gba ọmọ lọ́wọ́ mi?"

Ó dìde, ó lọ yọ kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn yàrá ọmọ, ó fi í sápò. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni ò dárúkọ Ìbàdàn mọ́.

A ṣì lọ sí ọsibítù. Dókítà fi ẹ̀rọ tiwọn dán etí Màmá wò nínú yàrá tí ariwo kì í wọ̀. Ìlà tiwọn ò bá tèmi mu pátápátá, ṣùgbọ́n apá kan náà ló ti ṣubú. Ó ní ariwo àti ọjọ́ orí ló fà á, pé ohun tó ti lọ ò ní padà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n lè máa fi sétí. A ṣì ń gbèrò rẹ̀. Màmá ní bí kò bá ti ní máa pe àwọn lórúkọ, àwọn gbà.

Ọmọ mi bi mí nígbà tí mò ń dirun fún un pé, "Ṣé etí Màmá àgbà ti bàjẹ́ ni?"

Mo ní, "Kò bàjẹ́. Ohùn ẹ ló kéré, kì í rìn débẹ̀. Bó o bá fẹ́ pè wọ́n, má dúró sí yàrá máa ké. Rìn lọ síwájú wọn, fọwọ́ kan orúnkún wọn, jẹ́ kí wọ́n rí ẹnu ẹ, kó o wá sọ̀rọ̀."

"Tí wọ́n bá ń sùn ńkọ́?"

"Jókòó tì wọ́n. Wọ́n á jí."