Fáìlì Àtàǹpàkò Aránṣọ Ibafo

Òórùn àgbàdo sísè ló máa ń gba ṣọ́ọ̀bù mi ní Lotto, ní Mowe, àwọn èèyàn á sì máa yọjú wọlé béèrè pé èló ni mo ń tà á. Kò sí àgbàdo kankan níbẹ̀ o. Ike tí ẹ̀rọ mi ń yọ́, tó fi ń mọ nǹkan ní ìpele-ìpele bí ẹni ń mọ ògiri, òun ló ń rùn bẹ́ẹ̀, torí láti ara àgbàdo ni wọ́n ti ń ṣe é. Mo fẹ́ràn òórùn yẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ kan wà tó jẹ́ pé bí mo bá ti gbọ́ ọ báyìí, ńṣe ni mo máa ń fẹ́ sá jáde.

Màmá kan wà ní Ibafo nígbà náà, aránṣọ ni, opó ni, ẹnu rẹ̀ sì dùn. Ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì ló gé àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, kùkùté ló kù. Ìwọ náà gbìyànjú kó o di sísọ́ọ̀sì mú láìlo àtàǹpàkò, wàá rí i. Mo bá ya àtàǹpàkò kan fún un lórí kọ̀ǹpútà, irú àwòrán tó ṣeé yí wò níwájú, lẹ́yìn, lókè àti nísàlẹ̀, mo sì fi ike mọ ọ́n. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Ifo ló bá mi gé irin kékeré tó wà ní oríkèé rẹ̀. Ọjọ́ tí màmá kọ́kọ́ fi gé aṣọ, ó jó yí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ká, èmi náà sì ń ṣe bí ẹni tó ra ilé ayé.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, kùkùté yẹn jiná tán, ó sì fọn. Àtàǹpàkò oníke bẹ̀rẹ̀ sí í yọ bọ́ nígbà tí màmá bá ń gé aṣọ lọ́wọ́. Ó ba aṣọ oníbàárà méjì jẹ́. Ó sú u. Ó bá ọkùnrin kan tó ń ra ẹ̀rọ àlòkù sọ ọ́ pé kó wá gbé ẹ̀rọ ìránṣọ òun lọ ní Sátidé, òun ti ṣíwọ́ iṣẹ́. Ọjọ́rú ni mo gbọ́, mo sì sáré lọ wọn kùkùté náà.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tà á," mo bẹ̀ wọ́n. "Mo kàn máa dín ojú ihò tí kùkùté ń wọ̀ kù ni. Kò lè ju wákàtí kan lọ."

Háà, ẹnu mi yìí! Mo dé ṣọ́ọ̀bù, mo tẹ sọ́fúwíà tí mo fi ya àtàǹpàkò náà, ó kọ̀, kò ṣí. Kí n má purọ́ fún ẹ, kíráàkì ni, èyí tí wọ́n já kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kéèyàn lè lò ó láìsanwó. Ẹni tó bá mi fi sí kọ̀ǹpútà ti kìlọ̀ pé mi ò gbọdọ̀ jẹ́ kó ṣe ọ́pdéètì láéláé, kọ̀ǹpútà sì ti ṣe é fúnra rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. Mo pe ẹni náà, nọ́ńbà rẹ̀ ò lọ. Fáìlì mi wà níbẹ̀ o, mo ń wò ó, ṣùgbọ́n sọ́fúwíà yẹn nìkan ló lè kà á láyé yìí.

Òmíràn tó kù lọ́wọ́ mi ni fáìlì STL, èyí tí a máa ń gbé fún ẹ̀rọ tó ń mọ ike. Awọ lásán ni STL. Ó máa ń gé ara nǹkan sí igun mẹ́ta kéékèèké, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn, kò sì ní rántí mọ́ pé ihò roboto wà níbì kan tàbí bí ó ṣe fẹ̀ tó. Bí mo bá dín gbogbo rẹ̀ kù, ihò tí irin ń gbà kọjá náà á kéré, irin ò ní wọlé. Mo gbìyànjú ẹ̀ẹ̀mẹta. Àkọ́kọ́ kọ irin, ìkejì ṣì tóbi fún màmá, ìkẹta là sí méjì. Di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, òórùn àgbàdo gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù kan, mo jókòó sáàárín ike tó bàjẹ́, mo ń sunkún bí ọmọdé.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí ọ̀gá mi. Nígbà tó fẹ́ gé irin yẹn, mo gbé fáìlì mi fún un, ó dá a padà. "Kọ̀ǹpútà mi ò gbọ́ èyí. Sọ ọ́ di STEP kó o tó gbé e wá." STEP ni èyí tí gbogbo sọ́fúwíà irú iṣẹ́ yìí jọ ń kà, ihò roboto á ṣì jẹ́ ihò roboto nínú rẹ̀, ó sì ṣeé tún ṣe. Mo kùn lọ́jọ́ yẹn, mo ní bàbá yìí àti kọ̀ǹpútà àtijọ́ rẹ̀. Mo gbé STEP náà fún un nínú fúláàṣì, mo sì pa á rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tèmi kí àyè lè wà. Orí mi ò!

Mo pè é, kò gbé e. Ni mo bá wọ mọ́tò lọ sí Ifo ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Mo kúnlẹ̀ kí i láàárín èérún irin, mo ní fáìlì STEP yẹn ni mo wá gbà.

"Fáìlì tó o torí rẹ̀ fajú ro sí mi lọ́jọ́sí?" Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó tún wá rọra lọ fọ ọwọ́, ó nu ún, ó wá jókòó. Mo dúró sẹ́yìn rẹ̀, mo na ọrùn. Kò pẹ́ náà ni àtàǹpàkò yẹn yọ lójú kọ̀ǹpútà, odindi, ó ń yí. Mo pariwo "Jésù!" débi pé àwọn tó ń jó irin níta sáré wọlé.

"Mi ò kì í pa iṣẹ́ ẹnikẹ́ni rẹ́," ọ̀gá mi sọ. "Sọ́fúwíà á kú lọ́jọ́ kan. Ṣé kí ọwọ́ màmá bá a kú ni?"

Mo fa àga sún mọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀. Mo dín ojú ihò kùkùté kù níbẹ̀, mi ò fọwọ́ kan ihò irin rárá. Mo padà sí Lotto, ẹ̀rọ mi sì mọ ọ́n tán kí ilẹ̀ tó ṣú.

Nígbà tí mo dé Ibafo ní Sátidé, ọkùnrin yẹn ti dé ṣáájú mi, ó ti tú bẹ́líìtì ẹ̀rọ. Màmá jókòó sí kọ̀rọ̀, kò wo ibẹ̀. Mo fi àtàǹpàkò wọ̀ wọ́n lọ́wọ́. Màmá mú sísọ́ọ̀sì, wọ́n fa àkísà kan yọ, wọ́n gé e gbọọrọ láti etí kan dé èkejì, kò yẹ̀. Wọ́n tún gé òmíràn. Wọ́n wá gbójú sókè.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi so bẹ́líìtì yẹn padà."

Ara mi fúyẹ́ débi pé orí ìjókòó àwọn oníbàárà ni mo sùn sí. Ìgbà tí mo jí ló tó yé mi dáadáa pé àtàǹpàkò màmá ni nǹkan yìí láti ìbẹ̀rẹ̀, mo kàn ń pè é ní fáìlì mi ni, mo sì lọ tì í mọ́ ibi tí èmi gan-an ò ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ká ní sọ́fúwíà yẹn ò kú, mi ò bá má mọ̀ títí dòní. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo da STEP rẹ̀ sínú fúláàṣì kékeré kan, mo gbé e lọ fún wọn, mo ní bí mi ò bá tiẹ̀ sí ní Mowe mọ́, ẹnikẹ́ni tó mọ iṣẹ́ yìí lè tún un ṣe fún wọn. Màmá yí i wò lọ́tùn-ún lósì.

"Kí ló wà nínú ẹ̀?"

Mo ní, "Màmá, ọwọ́ yín ni."