Ṣokoléètì ní Ipò Obì

Òórùn rẹ̀ ló jí mi. Àárọ̀ Sátidé ni, nígbà ọyẹ́, mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá, mo sì rò pé ìyá mi ló jó ẹ̀wà. Inú mi ti ń dùn, nítorí pé bí èmi bá jó ẹ̀wà, gbogbo Pápá Àjàó ló máa ń gbọ́. Ṣùgbọ́n òórùn yìí kì í ṣe ti ẹ̀wà. Ó jọ ti ẹ̀pà tí wọ́n ń yan, ó korò díẹ̀, ó sì ń fa ìtọ́ lẹ́nu.

Yàrá ẹ̀yìn ló ti ń wá, lọ́dọ̀ Àǹtí Dúpẹ́ tó jẹ́ ayálégbé wa. Àǹtí Dúpẹ́ ti fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ ní Yábàá, wọ́n ní ṣokoléètì làwọn fẹ́ máa ṣe. Ṣokoléètì kẹ̀! Àwọn ará ilé fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn. Wọ́n ra ẹ̀rọ kékeré kan tó ní òkúta nínú, tó ń lọ kòkó láti àárọ̀ títí dalẹ́. Bí iná bá lọ, a ó gbọ́ "Yéè!" láti yàrá ẹ̀yìn, gbogbo ilé á sì bú sẹ́rìn-ín. Èmi ni mo máa ń bá wọn bó èèpo kòkó tí wọ́n bá yan tán.

Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ fún mi ní ṣokoléètì tí wọ́n ṣe nílé. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà, ẹ ó rántí èyí tí wọ́n ń tà fún wa nígbà náà, tó jẹ́ ṣúgà àti mílíìkì lásán. Èyí kọ́kọ́ korò, ó wá dùn, lẹ́yìn náà gbogbo ahọ́n mi gan bí ẹni jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò pọ́n. Àǹtí Dúpẹ́ náà mọ̀. "Tọ́pẹ́, nǹkan kan ń ṣe é," wọ́n á wí, "mi ò sì mọ ibi tí mo ti ṣì í."

Àsìkò yẹn ni ìyá bàbá mi dé láti oko wọn ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, kí wọ́n lè ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn lójú. Màmá Ìjẹ̀ṣà là ń pè wọ́n. Ogójì ọdún ni Màmá fi dá oko kòkó. Kòkó ló rán bàbá mi níléèwé, kòkó náà ló kan páànù sórí ilé wọn. Síbẹ̀, Màmá kò tọ́ ṣokoléètì wò rí.

Òfin ni. Lóko wọn, ọmọdé lè fi ẹnu lá nǹkan funfun tó wà lára kòkó tútù, ṣùgbọ́n dandan ni kó tu kóró rẹ̀ padà sínú apẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá jẹ kóró, owó iléèwé ló jẹ. Bàbá mi rú òfin yìí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Wọ́n yan ẹ̀kúnwọ́ kóró kan nínú eérú, wọ́n jẹ ẹ́, Màmá sì nà wọ́n débi pé àpá rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn ọrùn wọn. Bí Àǹtí Dúpẹ́ bá gbé ṣokoléètì wá, Màmá á ní, "O ṣé, ọmọ mi. Ohun tí a fi rán ọmọ níléèwé, a kì í jẹ ẹ́." Ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀.

Ó ń dùn mí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọ̀kánjúwà ọmọ ni mí, n kò sì lè gbà á gbọ́ pé ènìyàn lè gbin nǹkan fún ogójì ọdún kó má mọ bó ṣe ń rí lẹ́nu. Dókítà sì ti ní Màmá lè padà sílé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá fi lè lọ láì tọ́ ọ wò, ó parí nìyẹn.

Iṣẹ́ mi láràárọ̀ ni láti la obì fún Màmá, kí n fi awẹ́ kan sí wọn lọ́wọ́. Báńdéèjì wà lójú kan, ojú kejì kò sì ríran dáadáa. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, mo ṣẹ́ ṣokoléètì tó tó awẹ́ obì, mo fi sí wọn látẹ́lẹwọ́.

"Màmá, ẹ gbà."

Wọ́n súre fún mi, wọ́n jù ú sẹ́nu. Ẹnu wọn dúró. Háà, mo gbé! Mo ti ń wo ẹnu ọ̀nà nígbà tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń wá egungun nínú ẹja.

"Àbẹ̀kẹ́," wọ́n fi oríkì mi pè mí, "ta ló ṣe kòkó yìí?"

Mo ní Àǹtí Dúpẹ́ ni.

"Lọ pè é wá."

Àǹtí Dúpẹ́ wọlé, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ń bá mi bẹ̀bẹ̀. Màmá ò tilẹ̀ gbọ́ ẹ̀bẹ̀. "Ẹni tó ta kòkó yìí fún ẹ ti rẹ́ ẹ jẹ. Ó fọ́ ọ lónìí, ó sá a sóòrùn lọ́la. Kò fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún ọjọ́ márùn-ún. Kòkó tí kò bá sùn lábẹ́ ewé, ahọ́n ni yóò máa bá jà."

Àǹtí Dúpẹ́ bú sẹ́kún. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n ti ń wá àṣìṣe náà nínú ẹ̀rọ wọn. Màmá wá kọjú sí mi: "Ìwọ olè obì yìí, èmi pẹ̀lú ẹ ni." Ṣùgbọ́n wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni Màmá ní kí wọ́n pe àbúrò àwọn lóko, kó fi àpò kòkó kan ránṣẹ́, èyí tó sùn dáadáa. Nígbà tí ọjọ́ àtilọ pé, Màmá ní ojú àwọn kò tíì yá tó láti rìnrìn àjò. Ojú tí báńdéèjì ti kúrò lára rẹ̀, tó ń rí eṣinṣin lára ògiri! Kòkó dé, Àǹtí Dúpẹ́ yan án, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n dà á sójú àwo, ó sì dì. Màmá fúnra wọn ló na ọwọ́ mú un.

Wọ́n pa ojú dé. Nígbà tí wọ́n gbé e mì, wọ́n ní, "Ṣé ohun tí à ń dì sínú àpò fún àwọn tó ń ra kòkó láti ọjọ́ yìí nìyí?"

Omi ń bọ́ lójú wọn, ojú tuntun náà. Wọn ò jẹ ju ìdajì lọ, wọ́n fi bébà wé ìyókù. Ìyá mi fẹ́ràn láti máa sọ pé àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé, mo sì rò pé tèmi ni ìdajì náà. Mo jókòó ti Màmá títí di ìrọ̀lẹ́. Wọn ò wò mí.

Nígbà tí bàbá mi ti ibi iṣẹ́ wọn ní Ìgànmú dé, kí wọ́n tó sọ báàgì kalẹ̀, Màmá na bébà náà sí wọn.

"Délé, gbà. Mo nà ẹ́ nítorí rẹ̀."

Bàbá mi, tí kì í jẹ nǹkan dídùn, jẹ ẹ́ lórí ìdúró. Ọwọ́ wọn lọ sẹ́yìn ọrùn. "Màmá, kò dùn mí mọ́," wọ́n wí.

Màmá ti papò dà báyìí. Àwọn oníṣokoléètì kéékèèké ti pọ̀ ní Yábàá àti Súrùlérè, Àǹtí Dúpẹ́ sì ní ṣọ́ọ̀bù tiwọn lẹ́bàá Ojú Ẹlẹ́gbà. Mo máa ń rà á lọ́wọ́ wọn lóṣooṣù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fa dúrọ́ọ̀ mi, mo bá mẹ́rin níbẹ̀ tí mi ò tíì ṣí, gbogbo wọn ti ń funfun lára. Mo ń tọ́jú wọn de àlejò pàtàkì. Àlejò wo? Èmi tí mo tan Màmá jẹ nítorí òfin wọn, mo ti di olófin. Ọmọ ọdún mẹ́wàá yẹn gbọ́n jù mí lọ, ó sì láyà jù mí lọ.

Mo bó ọ̀kan. Ó ṣì dùn. Mo jẹ ìdajì, mo wé ìdajì tó kù, mo sì gba ilé bàbá mi lọ.