Páànù Ẹ̀yìn Bẹ́ẹ̀dì

Owó kajú ni ìyá mi fi ra páànù ilé wa. Mo fẹ́ kí ó yé gbogbo ayé bẹ́ẹ̀, nítorí ní Kàbà níbí, bí tọkọtaya bá kọ́lé, orúkọ ọkọ nìkan ni ilé ń jẹ́. Bàbá mi mọ ògiri lóòótọ́, mi ò ní gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni. Ìdajì owó oṣù ni wọ́n sábà máa ń san fún wọn nígbà náà, oṣù mìíràn kò tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ó sì ń ra búlọ́ọ̀kù bí aláìsàn ṣe ń jẹun, díẹ̀ díẹ̀, títí ògiri fi dé ibi tí òrùlé yóò jókòó lé. Ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ mọ. Ìyá mi ló gba iṣẹ́ òrùlé.

Nígbà tí kajú bá so, á lọ sí oko tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un lọ́nà Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀, á ṣa á, á yọ kóró rẹ̀, á sá a. Ọjọ́ tó bá tà á, kò ní fi ẹsẹ̀ kan ilé kí ó tó yà sọ́dọ̀ onípáànù. Ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ló ń tò wọ́n sí, ó fi aṣọ àlòkù bò wọ́n. Yàrá méjì la ní nínú agboolé àwọn bàbá mi. Ẹnu ọ̀nà kan ni gbogbo wa jọ ń gbà, ilé ìdáná kan la jọ ń lò, ohun tí ìyá mi bá sì gbé kaná, àwọn ìyàwó ilé á ti bu ẹnu àtẹ́ lù ú kí ó tó jinná. Kò bá wọn jà. Ó kàn fẹ́ ní ilé ìdáná tí òun lè ti ilẹ̀kùn rẹ̀, kí òun sì se ọbẹ̀ òun ní àlàáfíà. Ohun tó fẹ́ láyé kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì máa ń sọ ọ́ láìtijú.

Ọdún tí páànù pé ni yunifásítì gbà mí. Èmi ni àkọ́bí. Inú gbogbo wa dùn fún ìrọ̀lẹ́ kan, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ owó dé. Bàbá mi lọ bá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, wọ́n ní kó kọ́kọ́ san ti tẹ́lẹ̀. Ó lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ olórí ẹbí, ìyẹn ní ìlú le. Ó padà wálé, ó jókòó, ó ń wo bàtà rẹ̀.

"Ìyá," ó pe ìyá mi, "mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́."

"Ẹ má wulẹ̀ sọ ọ́," ìyá mi fèsì. "Ẹ pe ẹni tó máa bá wa gbé páànù. Ọmọ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń tò sẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì."

Onípáànù tó tà á fún un náà ló rà á padà. Ó dínwó rẹ̀, ó ní ó ti di àlòkù. Páànù tí òjò kan ò tíì kàn! Títí dòní, bí mo bá ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo máa ń gbójú sí ibòmíràn kí n má baà kí i.

Kì í ṣe ilé wa nìkan, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́ bàbá mi kan ní Pónyàn ta èbù iṣu tó yẹ kó gbìn, ó fi rán ọmọ rẹ̀ lọ sílé-ìwé, oko rẹ̀ sì dá páropáro lọ́dún náà. Òun àti bàbá mi máa ń jókòó, wọ́n á máa fi ara wọn rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kì í dé ojú.

Mo lọ sí yunifásítì. Ìyá mi tún bẹ̀rẹ̀. Bí páànù ṣe ń pé lọ ni àbúrò mi obìnrin rí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì wọ̀, páànù tún jáde. Koríko hù nínú yàrá tí kò lórùlé, òjò ń jẹ ògiri, àwọn ewúrẹ́ àdúgbò sì sọ palọ̀ wa di ti wọn. Bí àwọn ará ìjọ bá bi í pé ìgbà wo ni yóò kó lọ, á ní, "Òrùlé mi wà nílé-ìwé. Tó bá gboyè, á wálé." A máa ń rẹ́rìn-ín sí i. Àwọn kan á fi òwe tù ú nínú pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Á wò wọ́n, á ní, "Èmi ti bá a tà á sílẹ̀."

Ẹ má rò pé ó rọrùn fún un. Mo bá a lọ́jọ́ kan nínú ilé aláìlórùlé yẹn, ó ń gbá ibi tó fẹ́ fi ṣe ilé ìdáná. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, omi dúró nílẹ̀. Mo bi í pé kí ló ń gbá. Ó ní òun ò mọ̀. Ó dùn mí dọ́kàn.

Ní èṣí, ní àkókò òjò, bàbá mi kú. Àìsàn rẹ̀ ti gba gbogbo owó ọwọ́ èmi àti àbúrò mi obìnrin lọ́sibítù. Àbíkẹ́yìn wa ọkùnrin sì wà ní ọdún tó kẹ́yìn ní yunifásítì. Owó ilé-ìwé ti fò sókè, ẹni tí kò bá san án kò ní jókòó ṣèdánwò àṣekágbá, ìdánwò ọ̀hún sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Lẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì ìyá mi, páànù mìíràn ti tún pé.

Olórí ẹbí pèpàdé. Ó ní olùkọ́ tó kọ́ ìdajì ìlú kò gbọdọ̀ ti ilé aláìlórùlé jáde lọ sí sàréè, wọn á fi ẹbí ṣẹ̀sín. Ó ní kí wọ́n fi páànù ìyá mi bo ilé. Ẹbí á ra pákó, ẹbí á san owó káfíńtà, ẹbí á ra màlúù. Mo ń wo ẹnu wọn. Àwọn tí mo ti kúnlẹ̀ fún nítorí owó ilé-ìwé àbúrò mi, tí wọ́n ní ọwọ́ kò sí, àwọn náà ló ń nawọ́ sókè pé àwọn á dá owó màlúù. Inú bí mi débi pé mo jáde síta.

Ká sọ òtítọ́, mo rò pé ìyá mi máa gbà. Mo tilẹ̀ fẹ́ kó gbà. Ta ni yóò dá a lẹ́bi? Wọ́n fẹ́ bo ilé rẹ̀ fún un, lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, káfíńtà gbé àkàbà dé. Olórí ẹbí kó àwọn ọ̀dọ́kùnrin wá láti gbé páànù. Wọ́n bá ìyá mi nínú aṣọ dúdú opó, ó fi àga dí ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó jókòó lé e.

"Ìyàwó wa, dìde kí wọ́n ráyè kọjá."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo ti ya páànù yìí sọ́tọ̀ fún ilé-ìwé ọmọ yín."

"Ọmọ lè dúró di ọdún tó ń bọ̀. Òkú kì í dúró."

"Òkú kò mọ̀ bí òjò bá ń pa á," ìyá mi wí. "Olùkọ́ ni ọkọ mi. Ẹ jẹ́ ká sin ín lábẹ́ àtíbàbà. Bí mo bá fi ìdánwò ọmọ rẹ̀ bo ilé, kò ní bá mi sọ̀rọ̀ lọ́run."

"O fẹ́ dójú tì wá lójú gbogbo ìlú?"

"Èmi ni kí ojú tì, Bàbá. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi."

Ohùn rẹ̀ kò ga. Ṣùgbọ́n kò dìde lórí àga. Olórí ẹbí wò mí bíi pé èmi ni mo kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ tó ń sọ, ó sì yí ẹ̀yìn padà. Káfíńtà gbé àkàbà rẹ̀ tẹ̀ lé e.

A ta páànù, a sì sin bàbá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tó mọ. Òjò rọ̀. Omi gbá jọ sórí àtíbàbà, ó ya lu àwọn tó jókòó sẹ́yìn, mo sì gbọ́ tí obìnrin kan ń sọ pé ẹ wo bí opó ṣe ń fìyà jẹ òkú. Mi ò wẹ̀yìn wò ó. Àbúrò mi padà lọ ṣèdánwò rẹ̀, ó sì yege.

Nígbà tí àlejò túká, ìyá mi padà sí yàrá méjì yẹn, nítorí kò ní ibòmíràn tó máa lọ. Olórí ẹbí àti àwọn ìyàwó ilé jókòó sí ẹnu ọ̀nà tí gbogbo wa ń gbà. Ìyá mi kúnlẹ̀, ó kí wọn bí a ṣe ń kíni ní Kàbà: "Okun o." Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó dìde, ó gba àárín wọn wọlé. Ó ti tó ọdún kan báyìí. Àràárọ̀ ló ṣì ń kúnlẹ̀ kí wọn kí ó tó lọ dáná, wọn kò sì tíì dá a lóhùn.