Orúkọ Tí Ìyá Ọkọ Mi Kò Pè Rí

Ẹ ó rò pé mò ń ṣàsọdùn. Ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni ìyá ọkọ mi, Alhaja Mìsítúrà Ọlábọ̀wálé, fi jẹ́ aya Alhaji, Mummy ò sì fi ẹnu wọn pe orúkọ Alhaji lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kí wọ́n tó bímọ, "Ẹ gbọ́ o" ni. Nígbà tí wọ́n bí Hamid, ọkọ mi, ó di "Bàbá Hamid." Ní ọ́fíìsì káńsù ìbílẹ̀ ní Peckham, nílùú London, tí òṣìṣẹ́ bá béèrè orúkọ ọkọ wọn, Mummy á ṣí báàgì, wọ́n á yọ páásípọ́ọ̀tù Alhaji, wọ́n á tẹ́ ẹ síwájú ẹni náà. Nọ́ọ̀sì kan tiẹ̀ rò pé wọn ò gbọ́ òyìnbó, ó lọ wá ògbufọ̀ wá. Ògbufọ̀ dé, ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí nọ́ọ̀sì má wulẹ̀ yọ ara ẹ̀ lẹ́nu.

Èmi Bàrákàt kì í ṣe irú ẹ̀. Hamid ni mo ń pe ọkọ mi láti ọjọ́ tí a ti pàdé, orí àtẹ̀gùn ni mo sì ti máa ń ké e. Nígbà tí Mummy kọ́kọ́ wá bá wa gbé ní Nunhead, gbogbo ìgbà tí mo bá ké "Hamid!" ni èjìká wọn máa ń gbọ̀n díẹ̀. Wọn ò bá mi wí rí. Wọ́n á kàn máa wo inú ìkòkò tó wà lórí iná bí ẹni pé ohun kan já bọ́ sínú rẹ̀.

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Mummy fi gbá ọ́fíìsì ní London Bridge. Báàsì ìdájí ni wọ́n ń wọ̀, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni wọ́n sì ń padà wálé láti wá gbọ́ ti Alhaji, tó jẹ́ pé ìtọ̀ ṣúgà ti gba ẹsẹ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀, mọ́ṣáláṣí. Tí oòrùn bá ràn, wọ́n á rìn lọ sí Peckham Rye, wọ́n á jókòó, wọ́n á máa ka tẹ̀sùbáà, wọ́n á máa wo ajá olówó ajá. Ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn ni Alhaji kú. Mummy ṣe opó oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá, omi ò sì bọ́ lójú wọn tí ẹnikẹ́ni rí. Àwọn èèyàn ń wọlé, wọ́n ń kí wọn pé, "Ẹ kú àṣẹ̀hìndè." Mummy á ní, "Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ n bu oúnjẹ fún yín." Mo sọ fún Hamid nígbà yẹn pé ọkàn ìyá rẹ̀ le. Títí di ọdún tó kọjá, tí mo bá ń se ọbẹ̀, Mummy ṣì máa ń sọ pé, "Má fi iyọ̀ púpọ̀ sí i o, Bàbá Hamid kì í jẹ iyọ̀."

Ọdún tó kọjá náà ni Àmírà, ọmọ wa, fẹ́ Ewan. Ọmọ Scotland ni Ewan, ó ti gba Ìsìláàmù kí wọ́n tó so yìgì. Ìyá rẹ̀, Morag, ń gbé ní ìlú kékeré kan ní gúúsù Scotland, níbi tí wọ́n ti ń ṣe àjọ̀dún ìdílé lọ́dún méjì-méjì. Gbogbo agbègbè náà ló máa ń pé, àwọn mìíràn á ti Kánádà wá, wọ́n á máa tú ìran wọn wò: ta ló bí ta, ta ló ṣí kúrò, ta ló padà. Ìdílé kọ̀ọ̀kan á gbé aṣọ gígùn kọ́ sára ògiri gbọ̀ngàn, wọ́n á ti fi òwú kọ orúkọ àwọn òkú wọn sí i. Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, wọ́n á ka orúkọ wọ̀nyí sókè lójú gbogbo èèyàn. Morag pè wá, ó ní òun fẹ́ kí aṣọ tiwa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn, nítorí a ti di ọ̀kan. Ó wú mi lórí. Mo ní kó fi sílẹ̀ fún mi.

Hamid ò mọ orúkọ ẹnì kankan nínú ìdílé bàbá rẹ̀. Ọmọ ọdún márùn-ún ni wọ́n gbé e wá sí London. Mo bá lọ bá Mummy ní ilé ìdáná, níbi tí wọ́n ti ń bó ẹ̀wà.

"Mummy, kí lẹ máa ń pe àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò Alhaji?"

Inú wọn dùn. Wọ́n ka gbogbo wọn fún mi, pẹ̀lú ìtàn. Akọ̀wé, ẹ̀gbọ́n Alhaji, tó kọ́kọ́ ra kẹ̀kẹ́ ní àdúgbò wọn ní Ẹ̀pẹ́. Adúmáadán, tó máa ń fi ẹja pa mọ́ fún wọn nígbà tí oyún Hamid ń da inú wọn rú. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Eyínfúnjowó, àbíkẹ́yìn, tó kú sínú ọ̀sà lọ́mọ ọdún méjìlélógún. Mo kọ gbogbo rẹ̀, mo fi orúkọ Alhaji tí mo rí nínú páásípọ́ọ̀tù kádìí rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí Morag. Mo ń yangàn kiri ilé.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí a lọ nígbà tí Morag fi fọ́tò aṣọ náà ránṣẹ́ sórí fóònù Àmírà. Òwú pupa ni, iṣẹ́ náà mọ́ tónítóní. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni, gbogbo wa wà ní pálọ̀. Àmírà ń kà á fún Mummy.

"Grandma, ẹ wò ó, so beautiful! A-kọ̀-wé. A-dú-máa-dán..."

Mummy gba fóònù náà, wọ́n sún un mọ́ ojú. Ojú wọn yí padà.

"Ìyá Àmírà, àwọn wo nìyí?"

"Àwọn ará ilé Alhaji ni, Mummy. Ẹ̀yin náà lẹ sọ ọ́ fún mi."

"O bi mí pé kí ni mò ń pè wọ́n. Mo sì sọ ohun tí mò ń pè wọ́n fún ẹ. Kì í ṣe ohun tí ìyá wọn sọ wọ́n nìyẹn."

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀. Ṣómólú ni mo dàgbà sí, nílé tí kálukú ti ń pe kálukú lórúkọ, mo rò pé Alhaji nìkan ni Mummy kì í pè. Mummy wá ṣàlàyé. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni wọ́n nígbà tí wọ́n mú wọn wọ ilé náà ní Ẹ̀pẹ́. Ìyàwó tó dàgbà jù nínú ilé pè wọ́n sí kọ̀rọ̀, ó ní gbogbo ẹni tí wọ́n bá nínú ilé, ọkùnrin tàbí obìnrin, ọkọ wọn ni, wọn ò gbọ́dọ̀ pe orúkọ ẹnì kankan. Mummy bá fún olúkúlùkù lórúkọ tuntun. Èyí tó dúdú tó ń dán, èyí tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, èyí tó ń rẹ́rìn-ín ṣáá.

"Tí wọ́n bá dìde láàárín òyìnbó tí wọ́n ń ké Adúmáadán," ni Mummy wí, "ta ni yóò mọ̀ pé òun ni wọ́n ń pè? Èmi nìkan ni mo ń pè é bẹ́ẹ̀."

"Ó dáa, Mummy. Kí lorúkọ wọn gan-an?"

Wọ́n la ẹnu. Wọ́n pa á dé. "Mi ò lè pè é."

Inú bí mi, mi ò ní parọ́. Mo ní, "Mummy, àwọn èèyàn yìí ti kú! Ta ló máa vex?" Hamid wò mí, mo sì dìde lọ fọ àwo tí mo ti fọ̀ tẹ́lẹ̀.

Hamid fi fóònù pe Ẹ̀pẹ́. Délé, ìbátan wọn kan níbẹ̀, ló gbé e. Ó ní ilé ti wó, àwọn àgbà ti tán, "Bàbá Akọ̀wé" lòun náà mọ̀. Àmírà bẹ Mummy: "Grandma, ẹ sọ ọ́ sínú phone, just voice note, nobody's even there." Mummy ní, "Ta ni yóò wá gbọ́ ọ nígbà náà?" Kùránì ni wọ́n mọ̀ ọ́n kà, wọn ò mọ̀wé kọ. Kò sí ibòmíràn tí orúkọ wọ̀nyẹn wà lórí ilẹ̀ ayé àfi nínú Mummy, Mummy sì ti pé ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin, wọ́n sì ti ṣiṣẹ́ abẹ orúnkún fún wọn.

"Tí Mummy bá lọ, ó parí nìyẹn," ni Hamid sọ fún mi. "Bí ẹni pé wọn ò wáyé."

Mo pe Morag láti tọrọ àforíjì. Kò bínú. Ó ní òun á tú òwú náà kúrò. Ó wá ní ohun kan wà tí òun kò tíì sọ: nínú ìdílé tiwọn, àwọn obìnrin tí wọ́n gbé níyàwó wọ ìdílé ló ń ka orúkọ, ẹni tó dàgbà jù nínú wọn, nítorí àwọn ló tọ́jú àwọn òkú náà kí wọ́n tó kú. Nítorí náà, Mummy ló máa ka tiwa. Mo sọ fún Mummy.

"Màá lọ," ni wọ́n wí. "Mi ò ṣèlérí nǹkan kan."

A wọ ọkọ̀ ojú irin ní King's Cross. Mummy ka tẹ̀sùbáà títí a fi dé. Nígbà tí a wọ gbọ̀ngàn, Mummy wo àwọn ọkùnrin tó wọ yẹ̀rì ìbílẹ̀ wọn pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ gígùn, wọ́n sọ ọ́ sí mi létí: "Aṣọ náà dáa. Ó kù díẹ̀ kó dé orúnkún." Ẹ̀rín yẹn nìkan ni a rín lọ́jọ́ náà. Aṣọ tiwa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Morag, funfun báláú. Ó ti tú gbogbo òwú náà kúrò, àmọ́ ihò abẹ́rẹ́ ṣì hàn níbi tí àwọn orúkọ náà wà.

Nígbà tó kan ìdílé Ewan, Morag bọ́ síwájú pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Ó ka àwọn bàbá ọkọ rẹ̀, ó ka àwọn ìyá. Ó ku orúkọ kan. Ọkọ rẹ̀ ni, oṣù kejì ọdún náà ló kú. Ó ní, "Alasdair," ó sì dúró. Ó fi ìwé náà bo ojú. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n máa ṣe.

Mummy ló dìde. Wọ́n fi ọ̀pá wọn rìn la àárín gbọ̀ngàn kọjá, wọ́n di ọwọ́ Morag mú. "Pẹ̀lẹ́," ni wọ́n ń wí. "Pẹ̀lẹ́, ìyàwó. Pẹ̀lẹ́." Morag ò gbọ́ Yorùbá, àmọ́ ó di ọwọ́ náà mú, kò fi í sílẹ̀.

Mo rò pé wọ́n máa padà sí ìjókòó. Wọ́n kọjú sí aṣọ wa. Wọ́n gbé ọ̀pá fún Hamid, wọ́n sì kúnlẹ̀. Dókítà ti sọ pé wọn ò gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ mọ́ láé. Hamid sún mọ́ wọn, wọ́n ní kó dúró.

"Akọ̀wé mi, ẹ forí jì mí. Dáúdà."

Wọ́n mí kanlẹ̀.

"Adúmáadán mi, ẹ má bínú. Sìdíkátù. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ mi, Muníràtù. Eyínfúnjowó, ọkọ mi kékeré. Lásísì."

Àmírà ń kọ ọ́, ó ń sunkún, ó ń kọ ọ́. Orúkọ kan ló kù, gbogbo wa la sì mọ̀ ọ́n. Mummy fi ọwọ́ kan etí aṣọ náà. Wọ́n ní, "Bàbá Hamid." Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ọ́, jẹ́jẹ́ báyìí, bí ọmọge tí ojú ń tì.

"Ṣàmsúdéènì Àjàní."

Wọ́n yíjú sí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn, wọ́n ń wo ibẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀. Kò sẹ́ni tó wọlé. Wọ́n wá na ọwọ́ sí Hamid kó gbé wọn dìde.

Nígbà tí à ń bọ̀ wálé lọ́jọ́ kejì, èmi ni mo jókòó ti Mummy. Hamid àti Àmírà ti sùn lọ ní ìjókòó iwájú. Àgùntàn ló kún gbogbo pápá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin.

"Ìyá Àmírà, ọkọ tó wà láàyè ni ìyàwó kì í pe orúkọ rẹ̀, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mummy."

"Ọdún mẹ́jọ ni wọ́n fi ń sọ fún mi pé ó ti kú. Imáàmù sọ ọ́, àwọn káńsù kọ ọ́ sínú létà. Mo ń gbọ́ wọn. Àmọ́ níwọ̀n ìgbà tí mi ò bá tíì pè é, ó dà bíi pé inú yàrá ló wà." Wọ́n nu gíláàsì fèrèsé bí ẹni pé ó dọ̀tí. "Mo pè é lánàá. Mo dúró dè é. Kò dáhùn."

Mo di ọwọ́ wọn mú. Èmi tí mo ti sọ pé ọkàn wọn le.

"Ọkọ mi ti kú o," ni Mummy wí, ẹkún sì gbọ̀n wọ́n. Mi ò gbọ́ irú ẹkún bẹ́ẹ̀ lẹ́nu wọn rí. Àwọn òyìnbó tó wà nítòsí gbójú kúrò.

Mo sọ̀ kalẹ̀ lórí ìjókòó, mo kúnlẹ̀ sí ojú ọ̀nà tí èèyàn ń gbà kọjá nínú ọkọ̀ náà.

"Ẹ kú àṣẹ̀hìndè, Mummy."

Wọ́n di orí mi mú mọ́ra. "O ṣé, ọmọ mi," ni wọ́n wí. Wọn ò ní kí n jókòó. Wọn ò ní àwọn fẹ́ bu oúnjẹ fún mi.