Ẹni Tí Ó Gbàdúrà Sókè

Inú ṣì ń bí mi. Mo sọ èyí ṣáájú kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ìtàn tí wọ́n fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún ni mo fẹ́ sọ. Àwọn kan wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí mi ò tíì dárí jì. Àwọn mìíràn nínú wọn ti kú, mi ò sì rí ìdí tí ikú fi yẹ kó sọ wọ́n di ẹni rere.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí. Aláfáà ni bàbá mi, ilé kéwú rẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé wa. Nígbà ayé Sáàpù, tí oúnjẹ ilé di ogun, ó fi mí ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ obìnrin ní Ògbómọ̀ṣọ́ pé kí n máa gbé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí n parí ìwé mi. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà náà. Àǹtí mi yìí ń ta ìkòkò àti abọ́ ní Ọjà Igbó. Bí mo bá ti dé láti ilé ìwé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní ìsọ̀ ni mo ń lọ.

Ẹ̀gbẹ́ wa ni obìnrin kan ti ń ta ẹ̀pà àti àgbàdo tí ó ń kó láti Ìrẹsà. Aládùúrà paraku ni, ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìjọ tí olórí ìjọ wọn kì í dá nǹkan ṣe lẹ́yìn wọn. Ó ní ọmọbìnrin kan tí ó jẹ́ ẹgbẹ́ mi. Ọmọ náà jẹ́ aríran ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn.

Ìjà ni èmi àti ọmọ náà fi bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ jókòó sí ìsọ̀, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, “Ọmọ Ọ̀yọ́, ẹ̀yin ọlọ́gbọ́n àrékérekè.”

Mo ní, “Ó sàn ju ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí ẹ ń jẹ ọkà kí ẹ tó mu ẹ̀kọ yangan lọ. Ebi lásán.”

Mo rò pé yóò gbá mi létí. Ẹ̀rín ló bú sí, ó rín in títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó wá bu ẹ̀pà ìyá rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà, kò sí ọjọ́ tí kì í bu ẹ̀pà fún mi.

Mi ò mọ ìgbà tó di ìfẹ́. Mo kàn mọ̀ pé bí kò bá wá sọ́jà, gbogbo oníbàárà ni mo máa ń kanra mọ́. Bí ìyá rẹ̀ bá rán an lọ sí Ìrẹsà, màá bẹ àǹtí mi pé kí n bá a lọ. A máa ń jókòó sórí àpò àgbàdo nínú ọkọ̀, a ó di ọwọ́ ara wa mú lábẹ́ ìborùn mi. Níbẹ̀ ló ti sọ fún mi pé òun fẹ́ràn mi. Kò ní “bí ọ̀rẹ́,” kò ní “bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò.” Mo ní èmi náà fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ̀rù bà wá, inú wa sì dùn.

Níbẹ̀ náà ló ti jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ ìran rẹ̀ fún mi.

“Ẹ̀mí máa ń gbé mi lóòótọ́ nígbà mìíràn,” ó ní. “Tó bá gbé mi, mi ò kì í mọ nǹkan kan mọ́. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ń retí rẹ̀ tí kò wá ńkọ́? Èmi náà á ṣe é fúnra mi. Mo kàn máa ń la ojú díẹ̀, kí n má baà ṣubú lu àga.”

Mo bi í bóyá ó ti rí ìran nípa mi rí.

“Kí ni mo tún fẹ́ rí? Ṣebí ìwọ nìyí.”

Ohun kan ló ń bà mí nínú jẹ́. Bí ìyá rẹ̀ bá ti yọjú báyìí, á ja ọwọ́ gbà lọ́wọ́ mi bí ẹni tí iná jó. Wọ́n ti ń fojú sí ọmọkùnrin olórí ìjọ wọn fún un, ó sì mọ̀. Mo ní kí ó sọ fún ẹnì kan, ẹnì kan ṣoṣo péré, pé èmi ni òun fẹ́. Ó ní kí n ṣe sùúrù. Wọn ò bí sùúrù mọ́ mi.

Ẹ wá wo bí àṣírí ṣe tú. Bàbá mi lè bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ láti alẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́, ètè rẹ̀ tó ń mì nìkan lẹ máa rí. Aládùúrà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ohùn bá ṣe ròkè tó ni àdúrà ṣe lágbára tó lọ́dọ̀ wọn, ẹni tó bá sì fẹ́ kí Olúwa mọ ẹni tí òun ń wí gbọ́dọ̀ pe orúkọ rẹ̀ pé. Báyìí ni ọmọ náà ṣe kúnlẹ̀ nínú yàrá láàárọ̀ ọjọ́ kan tó rò pé ìyá òun ti lọ sọ́jà, ó sì ké sí Ọlọ́run pé kí ó má fi òun fún ọmọ olórí ìjọ, kí ó má fi òun fún ọkùnrin kankan. Ó pe orúkọ mi, ó pe orúkọ bàbá mi mọ́ ọn. Ìyá rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà.

Láti ibẹ̀, ìsọ̀ wa ló gbà lọ.

“Ẹ̀yin ará ọjà, ẹ gbà mí o! Ọmọ aláfáà ti fi nǹkan mú ọmọ mi!”

“Nǹkan wo?” ni àǹtí mi wí. “Ẹ̀pà yín tó ń jẹ ni àbí kí ni?”

“Ẹ bi í! Ọmọ mi ní òun ni òun fẹ́ láyé! Ẹ ti gbọ́ irú ẹ̀ rí?”

Àǹtí mi ò bi mí ní nǹkan kan. Ó wo ojú mi, ó sì mọ̀. Nígbà tí wọ́n wá ní kí ó mú mi wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wọn lọ́jọ́ Ìsinmi kí Ẹ̀mí lè fi òtítọ́ hàn, kíá ló gbà. Ó fẹ́ kí wọ́n jẹ́ kí òun tajà.

Mo bọ́ bàtà mi sẹ́nu ọ̀nà, mo wọlé pẹ̀lú ìborùn lórí. Tùràrí gba gbogbo ilé. Kí n má purọ́, inú mi dùn. Mo ní ọjọ́ ti pé, òní ni ọmọ náà yóò sọ ọ́ níṣojú gbogbo wọn. Ó dìde nínú aṣọ funfun rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo wo ojú rẹ̀. Ó là díẹ̀. Ó yẹ àga kan sílẹ̀ kí ó tó ṣubú.

“Báyìí ni Olúwa wí! Ọmọbìnrin tó ti Ọ̀yọ́ wá, òkùnkùn ló bá a rìn! Ó ti fún ìránṣẹ́bìnrin mi ní ẹ̀pà jẹ lójú àlá!”

Ẹ̀pà! Ẹ̀pà ìyá rẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ ń bù fún mi!

Mo ké pé, “Irọ́ ni! Ojú ẹ̀ là!” Ṣé ẹnì kan gbọ́? Halelúyà ni wọ́n ń ké. Ìyá rẹ̀ da omi àdúrà lé mi lórí, ó ní ẹ ò rí i bí òtítọ́ ṣe ń ta á lára.

Lọ́jọ́ kejì, àǹtí mi kó ẹrù mi sínú ọkọ̀ Ọ̀yọ́. Mo ṣépè fún ọmọ náà láti Ògbómọ̀ṣọ́ títí mo fi délé. Bàbá mi ò nà mí, kò tilẹ̀ bú mi. Ó kọ kéwú sí wàláà, ó fi omi fọ̀ ọ́ sínú abọ́, ó ní kí n máa mu ún láràárọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí i tí Mùsùlùmí àti Aládùúrà fẹnu kò sórí ọ̀rọ̀ kan, èmi sì ni àìsàn tí wọ́n fẹnu kò lé lórí. Mo mu ún. Mo tún ṣépè fún ọmọ náà.

Nígbà tó di Iléyá, àǹtí mi wá kí wa. Ẹran ló ń jẹ lọ́wọ́ tó fi ń rò ó fún bàbá mi.

“Ẹ dúpẹ́ pé a tètè mú ọmọ yìí kúrò. Nǹkan yẹn ò tíì kúrò lára ọmọ elẹ́pà yẹn o! Ọjọ́ ìdána rẹ̀, tí gbogbo ìjọ pé, ló dìde tó ní irọ́ lòun pa lọ́jọ́sí, pé Ẹ̀mí kankan ò bá òun sọ̀rọ̀. Ló bá dárúkọ ọmọ yín. Ó ní òun lòun fẹ́ràn, pé òun ò fẹ́ràn ẹlòmíràn.”

“Kí ni wọ́n wá ṣe?”

“Wọ́n ní ẹ̀mí yẹn ló ń gba ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀. Wọ́n nà án kí ó lè jáde. Bí wọ́n ṣe ń nà án ló ń tún un sọ. Wọ́n ti sìn ín lọ sílé ọkọ ṣá.”

Bàbá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Àǹtí mi mú ẹran mìíràn. Nígbà tó purọ́, gbogbo ìjọ ló gbà á gbọ́. Nígbà tó sọ òtítọ́, wọ́n nà án. Ìyá rẹ̀ gbọ́ ọ, ọkọ rẹ̀ gbọ́ ọ, àwọn tó mú pàṣán dání gbọ́ ọ. Èmi tí ó sọ ọ́ nítorí mi, tí ǹ bá gbà á gbọ́, Ọ̀yọ́ ni mo wà, tí mo ń ṣépè fún un.