Màmá Kìtán àti Àpò Ègé Aṣọ

L'Ákùúrẹ́, tẹ́ ẹ bá dárúkọ Màmá Kìtán, ọ̀rọ̀ orí tábìlì Akínlolú télọ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ sọ fún yín. Ọdún ọ̀wọ́n gógó ni, ìgbà tí àwọn èèyàn ń yí aṣọ àtijọ́ sódì láti tún un rán. Ègé aṣọ tó bá já bọ́ nílẹ̀ télọ̀ ni Màmá ń wá. Akínlolú bu ẹ̀kúnwọ́ kan fún un.

"Ó kéré! Fi díẹ̀ sí i."

"Màmá, èyí tó kù nìyẹn o."

"Ó kéré, mo ní!"

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, agbádá ọkọ ìyàwó ni mo fẹ́ gé."

Ni arúgbó ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin bá gun orí tábìlì, ó nà gbalaja lé aṣọ ọkọ ìyàwó lórí. "Ó yá, gé e yí mi ká!" Akínlolú wo sísọ́ọ̀sì ọwọ́ rẹ̀, ó wo Màmá, ló bá gbé odindi àpò lé e lọ́wọ́. Màmá sọ̀kalẹ̀, ó yẹ inú àpò wò fínnífínní, ó ní: "Okùn tí màá fi dì í ńkọ́?"

Aṣọ ìbora ló ń fi ègé yẹn ṣe. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ọmọ Oǹdó, kò bímọ, àmọ́ ọmọ mẹ́fà ládùúgbò ló ń bá a fọwọ́ rán an. Ṣìkẹ́mi, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ni ẹ̀gbọ́n wọn. Bọ́láwálé, ọmọ ọdún mẹ́fà, ni àbúrò pátápátá. Ilé tí ọ̀fọ̀ bá ti ṣẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ.

"Ta ló ń kó ọmọdé lọ sílé ọ̀fọ̀?" làwọn àgbà fi ń bínú.

"Ẹ̀yin lẹ ti sọ 'ẹ kú ìrọ́jú' títí ó fi sú olóòfọ̀," ni Màmá dá wọn lóhùn. "Àwọn tí ò mọ ohun tí wọ́n máa sọ ni mò ń kó lọ."

Ó ní òfin méjì péré ni: ẹ fi aṣọ bo olóòfọ̀, ẹ jókòó tì í, ẹ pa ẹnu mọ́.

"Mẹ́ta nìyẹn, mà," ni Ṣìkẹ́mi wí.

"Ìwọ, ẹ̀kẹta ni kó o fi bẹ̀rẹ̀!"

Ní Ìjàrẹ́, Bọ́láwálé ṣàṣìṣe, ó lọ da aṣọ bo bàbá kan tó wá kí wọn, tó ń jẹ ẹ̀bà tọkàntọkàn ní kọ̀rọ̀. Ṣìkẹ́mi sáré fẹ́ já a gbà. Màmá dá a dúró. "Fi sílẹ̀. Ẹni tó lè jẹun tó báyẹn nílé ọ̀fọ̀, nǹkan ń dùn ún."

Àmọ́ ti Ìta-Ògbólú! Títí dòní tí Ṣìkẹ́mi ti di ìyálọ́mọ, kò tíì gbàgbé rẹ̀. Akínwùmí, ọkọ Yéwándé, kú, ọjọ́ kẹsàn-án rèé, obìnrin náà ò la ẹnu. Wọ́n bò ó, wọ́n jókòó tì í. Ọwọ́ rẹ̀ ń rìn lórí aṣọ, ó ń rìn, ó wá dúró lórí ègé aláwọ̀ ewé kan.

"Bùbá Akínwùmí nìyí." Ló bá bú sẹ́kún, ọ̀rọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde lẹ́nu rẹ̀ bí omi.

Àṣé Akínlolú tó ń ráhùn yẹn ló rán bùbá náà! Gbogbo oníbàárà rẹ̀ tó bá kú, ó máa ń rọra ki ègé aṣọ wọn sínú àpò, kò sọ fẹ́nì kan. Màmá lọ bá a láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

"Akínlolú, o ṣeun. O ṣeun gan-an."

"Kò tọ́pẹ́, mà."

"Ègé tòní dà? Ó kéré!"

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Màmá Kìtán kú. Nígbà táwọn ọmọ lọ bá Akínlolú, kò jiyàn rárá, ó kàn gbé àpò fún wọn. Èyí gan-an ló pa Ṣìkẹ́mi lẹ́kún.

Wọ́n rán aṣọ náà tán, wọ́n gbé e tẹ̀ lé òkú dé Oǹdó. Ta ni wọ́n máa gbé e fún? Màmá ti sọ ọ́: aṣọ ìbora kì í ṣe ti òkú, ẹni tó ṣẹ́kù ló ni ín. Màmá ò sì lọ́mọ. Òkú àgbà ni, ẹbí ń jó, wọ́n ń jẹ, kò sẹ́ni tó ń sunkún. Ṣìkẹ́mi dì mọ́ aṣọ náà, ó ń wo ojú kan sí òmíràn, ẹ̀rù ń bà á pé wọ́n á gbé e padà sílé bẹ́ẹ̀.

Bọ́láwálé fa aṣọ náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e lọ sẹ́yìn ilé. Níbẹ̀, ọkùnrin kan kọjú sí ògiri, téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Bọ́láwálé bò ó. Lọ́tẹ̀ yìí, Ṣìkẹ́mi ò já a gbà.

Wọ́n jókòó tì í, wọ́n panu mọ́. Akínlolú ń fọwọ́ wá inú aṣọ náà, ó kan ègé ìró pupa Màmá, èyí tóun fúnra rẹ̀ fi sínú àpò. Ó fa imú.

"Ó kéré," ó ní. "Ẹ fi díẹ̀ sí i."

Ni àwọn ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá rọra wọ abẹ́ aṣọ náà lọ bá a.